Ta ló ní Amẹ́ríkà ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ Roosevelt ti rọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó kúrò nínú mi. Sátidé tó kọjá, mo dúró síbi mọ́tò Franklin Roosevelt, ẹni tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1933 títí dé 1945, nínú mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀ ní Hyde Park ní ìpínlẹ̀ New York, Ford 1936 yẹn tí wọ́n ṣe ọwọ́ irin sí kó lè máa fọwọ́ wà á láìlo ẹsẹ̀, mò ń ṣe iṣẹ́ mi jẹ́jẹ́, ni bọ̀dá kan bá yíjú sáwọn ọmọ ẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan, ọdún méjìlá ni bàbá yìí fi ṣe ààrẹ, kò sẹ́ni kankan ní gbogbo Amẹ́ríkà tó mọ̀ pé kò lè rìn." Yorùbá ló fi sọ ọ́, kò mọ̀ pé ẹni tó gbọ́ wà nítòsí. Mo ní, "Ẹ káàsán sà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ṣé Yorùbá ni ẹ́? Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n nù un, ìwọ wá ń bá mi jiyàn."

Lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó tán.

Mi ò tíì dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ kan rí kí ẹnì kan má sọ ọ́ sí mi létí. Kẹ́ ẹ sì tó ní kí ló kàn mí, dósẹ́ǹtì ni mí níbẹ̀, ìyẹn vọ́lọ́ńtíà tó ń mú àlejò yíká tó ń ṣàlàyé fún wọn, wọn ò sanwó fún mi, káàdì ọrùn ni mo ní. Àwọn ará ilé mi gan-an rò pé mò ń to ìwé ni, torí láíbìrì ààrẹ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Láíbìrì ààrẹ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń yá ìwé lọ sílé, lẹ́tà, fáìlì, fọ́tò, gbogbo ohun tó gba ọwọ́ ààrẹ kọjá ni wọ́n kó síbẹ̀, wọ́n sì kọ́ mùsíọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ilé tí wọ́n bí Roosevelt sí lọ́dún 1882, tó ń jẹ́ Springwood, náà wà nínú ọgbà kan náà, ibẹ̀ náà ni sàréè ẹ̀ wà, nínú ọgbà òdòdó. Òun fúnra ẹ̀ ló ya bó ṣe fẹ́ kí láíbìrì yẹn rí, wọ́n sì ṣí i ní June 30, 1941, nígbà tó ṣì wà lórí oyè.

Èmi náà ti sọ irọ́ yìí rí, mi ò ní tàn yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé e yọ dáadáa torí ó máa ń dùn létí àlejò, wọ́n á lanu sílẹ̀, inú mi á dùn. Ọjọ́ kan ni màmá kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yẹn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí n lọ ka ìwé ìròyìn ayé ìgbà yẹn kí n tó la ẹnu mi mọ́. Mo lọ kà á. Ojú tì mí.

Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú ní August 1921 ní erékùṣù Campobello ní Kánádà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Kò tíì di ààrẹ, kò tíì di gómìnà pàápàá. Lọ́dún 1924, níbi àpérò ẹgbẹ́ Democrat ní Madison Square Garden ní New York, ó fi ọ̀pá abíyá tiraka dé orí pèpéle lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kó tó sọ̀rọ̀ gbe Al Smith, gómìnà New York tó ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nígbà yẹn. Ṣé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn yẹn dijú ni? Nígbà tó dupò gómìnà New York lọ́dún 1928, àwọn alátakò pariwo pé ara ẹ̀ ò lè gbà á, Al Smith kan náà ló dá wọn lóhùn pé a ò fẹ́ kí gómìnà máa tàkìtì. Lọ́dún 1931, màgasíìnì Liberty tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta, wọ́n ní ṣé ara ọkùnrin yìí lè gba iṣẹ́ ààrẹ, dókítà mẹ́ta ló yẹ̀ ẹ́ wò. Màgasíìnì tí wọ́n ń tà lójú títì o, kì í ṣe lẹ́tà àṣírí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, torí ti owó ni mo fẹ́ràn jù. Ní January 30, 1934, ọjọ́ ìbí ẹ̀, wọ́n ṣe ijó káàkiri Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn sanwó wọlé kí wọ́n lè fowó yẹn tọ́jú àwọn tí àrùn yìí mú, níbi tí Roosevelt fúnra ẹ̀ ti ń lọ gba ìtọ́jú ní Warm Springs, Georgia. Owó tó wọlé ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, lásìkò tí ìyà ń jẹ gbogbo ìlú, òun fúnra ẹ̀ sì bọ́ sórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti dúpẹ́. Nígbà tó di 1938, apanilẹ́rìn-ín kan tó ń jẹ́ Eddie Cantor ní kí gbogbo èèyàn fi dáìmù kọ̀ọ̀kan, ẹyọ owó sẹ́ǹtì mẹ́wàá, ránṣẹ́ sí ààrẹ ní White House. Lẹ́tà ya wọlé bí omi, dáìmù tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Ẹ bá mi ro ó. Ẹni tí ò mọ̀ pé àrùn yìí mú ààrẹ, kí ló ń bọ owó sínú lẹ́tà fún un fún? Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá àgbà kan tí ọmọ ọmọ ẹ̀ ń tì lórí wíìlíṣíà dì mí lọ́wọ́ mú níbẹ̀, ó ní òun náà fi dáìmù ránṣẹ́ nígbà tóun wà ní kékeré, mo bi í pé kí ni wọ́n sọ fún un, ó wò mí bí ẹni tí ò gbọ́n, ó ní, "Pé ẹsẹ̀ ààrẹ ò dáa ni."

Tí ìyẹn ò bá tíì tó yín, March 1, 1945 ńkọ́? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yalta dé, níbi tó ti lọ ṣèpàdé ogun pẹ̀lú Churchill àti Stalin, ó lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀, ó jókòó sọ ọ́, ohun tó sì kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú pé òun jókòó, torí irin tó wà lẹ́sẹ̀ òun tó nǹkan bíi pọ́n-ùn mẹ́wàá. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́, rédíò sì gbé e.

Wọ́n á ní, "Fọ́tò dà?" Ẹ gbà, fọ́tò tó ti wà lórí wíìlíṣíà ò pọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀ máa ń dí oníkámẹ́rà lọ́wọ́, òun náà ò sì fẹ́ kí wọ́n máa rí òun bí wọ́n ṣe ń gbé òun wọ mọ́tò. Fọ́tò tí ò sí kọ́ ni ìmọ̀ tí ò sí. Ó dáa, màá gba èyí náà kẹ́ ẹ má bàa ní mo lágídí: ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ara ẹ̀ ti yá ju bó ṣe rí lọ, pé ó kàn ń tiro ni, wọn ò mọ̀ pé tó bá kù ú ku òun àtàwọn ará ilé ẹ̀, orí àga ìdáná tí wọ́n de táyà mọ́ ló ń wà. Ìyẹn ni wọ́n rọra bò. Bó ṣe le tó ni wọ́n bò, kì í ṣe pé ó wà níbẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún bọ̀dá yẹn, kò kúkú fi gbogbo ara gbà. Mo wá ní kí wọ́n tí wọ́n bá dé inú ilé Springwood wo líìfìtì kékeré tí wọ́n ń fi gbé àpótí ẹrù tẹ́lẹ̀, òun ló ń lò, ó máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ fa okùn ẹ̀ títí á fi gòkè, kò gbà kí wọ́n fi iná mànàmáná sí i torí pé tí ilé bá jó tí iná sì lọ, inú ibẹ̀ ló máa há sí. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló bi mí pé ṣé orí Roosevelt yìí náà ló wà lára dáìmù. Mo ní òun ni, láti 1946, ọdún tó tẹ̀ lé ikú ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ dáìmù tí mò ń sọ bọ̀ yìí náà ni. Bàbá ẹ̀ ti ń wá ẹyọ owó nínú àpò nígbà tí mo yíjú sí àwọn àlejò tó kàn.