Òǹkà Yorùbá Kò Le Jù fún Ọmọ Kékeré

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, níbi ìpàdé àwọn òbí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan níhìn-ín ní Àgbádárìgì, ìyá kan dìde, ó ní kí a má ṣe kọ́ ọmọ òun ní òǹkà Yorùbá kọjá ẹ̀wá mọ́, nítorí pé ìyọkúrò inú rẹ̀ yóò da orí ọmọ náà rú. Àwọn òbí yòókù sì ń mi orí bí alángbá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, nítorí pé ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ, n kò sì tíì rí ẹnì kan nínú àwọn tó ń sọ ọ́ tó ti fi ohun tó ṣeé fọwọ́ kó kọ́ ọmọ rẹ̀ rí. Orin lásán ni wọ́n ń kọ fún ọmọ. Yóò ké e láti ení dé ogún, ṣùgbọ́n ẹ ní kó kó ọ̀pá ìṣáná méje wá, ẹ̀kúnwọ́ ni yóò bù wá.

Ẹ gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀. Ihò méjìlá ló ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wọ ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹ fi èédú ya agbo mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sọ fún ọmọ pé ogún ni agbo kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí agbo méjì bá kún, ogójì nìyẹn, ìyẹn ogún méjì; bí ẹ̀kẹta bá kún, ó di ọgọ́ta, ogún mẹ́ta; bí ó bá ku mẹ́wàá kí ẹ̀kẹta kún, àádọ́ta la wà. Mo ṣe èyí pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọmọ ayò mẹ́jọ péré ló bọ́ sínú agbo kẹta, mo sì bi í pé báwo ni a ṣe jìnnà sí àádọ́ta sí. Ó wo agbo náà títí, ó ní, "Ìyá Àgbà, ó dín méjì." Méjìdínláàádọ́ta gan-an ló pè yẹn, èmi kàn bá a so ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni.

Ọmọ tí a rán lọ ra àkàrà, tó padà wá sọ pé "ó dín méjì", ti mọ ìyọkúrò tí àwọn òbí rẹ̀ ń bẹ̀rù. Àwọn tó fi owó ẹyọ ṣòwò láyé àtijọ́ ń sín ogójì sí okùn kan, àádọ́ta okùn sì ń di ẹgbàá. Ọwọ́ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì kọjá ibodè Sèmè, "ogún mẹ́rin" ni èdè Faransé tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kọ́ nílé-ìwé ń pe 80, "ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá" ló ń pe 90, n kò sì tíì gbọ́ pé òbí kan níbẹ̀ bẹ olùkọ́ pé kó dáwọ́ dúró. Ní ti àwọn tó ní Gẹ̀ẹ́sì rọrùn jù, kí wọ́n fi ibi tí ẹ̀wá wà nínú orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì pe 11 hàn mí.

Mo gbà pé lókè igba, ọ̀rọ̀ náà ń nípọn díẹ̀, nítorí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, tí í ṣe 700, máa ń mú àgbàlagbà pàápàá ronú. Ta ló wá ní kí wọ́n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀?