Owó ìnàkí Bwindi: èló ló ń kan àwọn Batwa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ ná. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni àjọ tó ń mójú tó ẹranko ìgbẹ́ ní Uganda ti gbé owó páámìtì ìnàkí, ìyẹn ìwé àṣẹ láti lọ wo ìnàkí nínú igbó bíi Bwindi, lọ sí 800 dọ́là fún àlejò tó bá ti òkè òkun wá, 700 ló wà tẹ́lẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ péré ló lè lọ wo agbo ìnàkí kan lóòjọ́, wákàtí kan ni wọ́n sì máa lò lọ́dọ̀ wọn, tó bá ti pé, rénjà á ní ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Tí gbogbo àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá wá jẹ́ ará òkè òkun, wákàtí kan yẹn nìkan ti pa 6,400 dọ́là wọlé. Nínú owó yìí, dọ́là mẹ́wàá lórí páámìtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ fún àwọn ará abúlé tó yí igbó ká, títí kan àwọn Batwa, ẹ̀yà ọdẹ tí wọ́n lé kúrò nínú igbó náà, 80 dọ́là nìyẹn o, kò tiẹ̀ tó dọ́là méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́ wọ́n tún ń fún wọn ní ìdá 20 nínú 100 owó ẹnu géètì, ṣùgbọ́n kí lowó géètì já mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páámìtì?

A máa ń sọ pé ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ. Ti Bwindi tún wá yàtọ̀ pátápátá, ìnàkí gan-an ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìjọba Kampala àtàwọn onílọ́ọ̀jì ló ń jẹ.

Kẹ́nikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ ṣá, a ò ní kí wọ́n dín owó páámìtì kù. Ó wọ́n, ó sì yẹ kó wọ́n. Igbó náà ò fẹ̀ púpọ̀, nǹkan bí 330 kìlómítà níbùú lóròó, lórí òkè ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Uganda, lẹ́bàá bodè Congo. Ìnàkí 459 ni wọ́n kà níbẹ̀ àti ní Sarambwe tó fara kàn án lápá Congo lọ́dún 2018, nígbà tó jẹ́ pé 1,063 ni gbogbo irú ìnàkí orí òkè yìí tí wọ́n kà láyé nígbà náà, kò sì sí súù kankan tẹ́ ẹ ti lè rí ọ̀kan. Àrùn tó ń ṣe wá sì máa ń ràn wọ́n. Lọ́dún 1996 kúrúnà mú agbo kan níbẹ̀, irun ara wọn ń re, ọmọdé inú wọn kan kú, dókítà ẹranko tó ń jẹ́ Gladys Kalema-Zikusoka ló tọpa ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ èèyàn, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ aṣọ àkísà táwọn àgbẹ̀ so mọ́ igi lóko láti fi lé ẹranko ni wọ́n fọwọ́ kàn. Nítorí náà bí àlejò bá kéré tí owó sì pọ̀, ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹni tó bá sì ń wúkọ́, kó jókòó sílé ẹ̀ jàre, kó má tìtorí pé òun ti sanwó lọ kó àrùn ran ẹran tí ò ṣẹ òun.

Ibi tí owó yẹn ń gbà lọ ni ìjà wa.

Kí Bwindi tó di páàkì lọ́dún 1991, àwọn Batwa wà nínú igbó yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dọdẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa oyin, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú wọn sí, àwọn fúnra wọn sì sọ pé àwọn kì í jẹ ìnàkí. Ẹni a bá lábà ni baba, bá a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìjọba ní kí gbogbo wọn jáde. Àwọn àgbẹ̀ tó ti gé igi tó ti dáko síbẹ̀ rí owó gbà-máà-bínú gbà, torí pé oko wọn ṣeé fojú rí, àmọ́ Batwa tí ò gé igi, tó fi igbó sílẹ̀ bó ṣe bá a, wọ́n ní kò ní ilẹ̀ kankan tí wọ́n máa sanwó ẹ̀ fún un! Ẹni tó tọ́jú igbó ló jẹ gbèsè, ẹni tó pa á run gbowó. Nígbà tó yá, wọ́n bá àwọn díẹ̀ ra ilẹ̀, àwọn tó kù di lébìrà lóko olóko títí dòní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tún wọ igbó bàbá wọn mọ́ àfi tí wọ́n bá fẹ́ jó fún túrísìtì, kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń dáná láyé àtijọ́ hàn wọ́n, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì padà sẹ́yìn géètì.

Kì í ṣe àwa nìkan la rí i bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, kóòtù tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Uganda dá àwọn Batwa láre pé wọ́n lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn láìsan kọ́bọ̀, ó sì ní kí ilé ẹjọ́ gíga wo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún wọn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti lé wọn!

Àwọn kan á ní owó ìnàkí yìí ló ń bọ́ àwọn páàkì míì tí ò ní ìnàkí, òun náà ló ń san owó oṣù rénjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rénjà nìkan ò lè ṣọ́ igbó tí ebi ń pa àwọn tó yí i ká. Ní oṣù kẹfà 2020, nígbà tí Kòrónà ti lé àlejò lọ, wọ́n gún Rafiki lọ́kọ̀, ìnàkí tó jẹ́ baba agbo tí wọ́n ń pè ní Nkuringo, ó sì kú. Ọkùnrin tó pa á ní ẹran kékeré lòun wá pa, ìnàkí ló yọ sí òun. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n jù ú sí, a ò sì bá a bẹ̀bẹ̀, àmọ́ ẹ̀wọ̀n ò lè jí Rafiki.

Rwanda tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ti ń fún àwọn ará abúlé ní ìdá 10 nínú 100 owó tí páàkì ń pa láti 2017, ìdá 5 ló wà tẹ́lẹ̀, páàkì wọn ò sì kógbá wọlé. Kí Uganda ṣe ìdá mẹ́wàá yẹn lórí páámìtì, kí wọ́n ya ti Batwa sọ́tọ̀ nínú ẹ̀ kó lọ tààrà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ táwọn Batwa fúnra wọn yàn, kó má gba ọwọ́ alága kankan kọjá. Kí wọ́n sì ṣí géètì fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi àdéhùn sí, láti lọ fa oyin, láti lọ já ewé, láti lọ bẹ sàréè àwọn òbí wọn wò, láìsan nǹkan kan. Wọ́n ti ń jẹ́ káwọn ará abúlé míì wọ apá kan igbó yẹn láti já okùn tí wọ́n fi ń hun apẹ̀rẹ̀, ayé ò bàjẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń múra àtilọ, ẹ lọ, ẹ ya fọ́tò yín. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó fún lọ́ọ̀jì tàbí ẹni tó ń bá yín ṣètò ìrìn àjò, ẹ bi í pé Batwa mélòó ló gbà síṣẹ́, èló ló ń san fún wọn lóṣù, ta ló sì ń gba owó tí wọ́n ń dá lẹ́yìn ijó. Tó bá ń kólòlò, ẹ wá ẹlòmíì.