Boost tó ga sí i kọ́ ni agbára tó pọ̀ sí i

Wọ́n ń pín in káàkiri pé kí ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré onítọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì) sáà fún ọ̀pá wastegate, ìyẹn fáàfù tó ń darí èéfín kúrò lọ́dọ̀ tọ́bò, le sí i, kí boost, ìyẹn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń mú wá, kúrò ní bar (ìwọ̀n ìfúnpọ̀) 1.0 bọ́ sí 1.5, pé agbára ọkọ̀ á fi ìdajì lé sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Géèjì boost kì í ka afẹ́fẹ́ ayé tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ nǹkan bíi bar 1. Nítorí náà, láti 2.0 sí 2.5 ni ẹ lọ: ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn bí ooru kò bá pọ̀ sí i rárá.

Ooru á sì pọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà sọ́tọ̀ nìyí: boost ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó nínú páìpù, ṣùgbọ́n ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wọ sílíńdà gan-an ló ń di agbára. Tọ́bò kékeré tí a lé kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ máa ń mú afẹ́fẹ́ gbóná gan-an. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́lẹ́, ó sì ń jẹ́ kí epo inú sílíńdà dédé bú kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbọ́ ọ, á fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn kó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣáná, agbára á sì wálẹ̀. Bí kò bá tètè gbọ́ ọ, písítìn ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Lórí dyno, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ọkọ̀, ẹ so ẹ̀rọ OBD tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ tẹ pẹ́dáàlì epo mọ́lẹ̀ ní gíà kẹta láti 2,500 rpm. Ẹ ka boost, ooru afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, lambda (bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe pò mọ́ra sí), àti dígírì tí kọ̀ǹpútà ń yọ kúrò lára àkókò iná púlọ́ọ̀gì. Bí boost ṣe ń gòkè tí kọ̀ǹpútà sì ń yọ dígírì kúrò, èrè yín ló ń bá a lọ.

Intercooler (ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ láti tọ́bò tutù) tó tóbi ni kó ṣáájú, púlọ́ọ̀gì tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìpele kan, kí wọ́n wá tún kọ̀ǹpútà tò. Ẹ má fọwọ́ kan ọ̀pá yẹn.