Kí Ásíìdì Àlòkù Ilé-Iṣẹ́ Irin Wúlò fún Omi Ìdọ̀tí Kano

Ó tó àkókò kí ìjọba àpapọ̀ fòfin de dída ásíìdì àlòkù ilé-iṣẹ́ irin sínú gọ́tà, kí ó sì jẹ́ kí a fi tọ́jú omi ìdọ̀tí. Kí wọ́n tó fi síńkì bo irin, ásíìdì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fọ ibi tó ti dógùn-ún lára rẹ̀. Nígbà tí ásíìdì náà bá fi máa lo agbára rẹ̀ tán, irin yóò ti yòrò kún inú rẹ̀. Bí a bá fi chlorine sí i, ó di ferric chloride, kẹ́míkà tí ń kó ìdọ̀tí inú omi jọ, tí ó ń mú un dì, tí ó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀, bí álọ́ọ̀mù ti ń ṣe nínú omi kànga. Ní Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti lo irú ásíìdì àlòkù bẹ́ẹ̀ láti yọ kẹ́míkà tí ń jẹ́ phosphorus kúrò nínú omi ìdọ̀tí ìlú.

Kano ni a fẹ́ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Challawa, Sharada àti Bompai, omi tí ń jáde láti ilé-iṣẹ́ awọ kún fún ọ̀rá, irun, àti àwọn kẹ́míkà bíi chromium àti sulphide, bẹ́ẹ̀ sì ni irin inú ferric chloride máa ń so mọ́ sulphide, tí àwọn méjèèjì á jọ rọ̀ sísàlẹ̀. Odò Challawa àti Jakara ni omi yìí ń ṣàn lọ, òun sì ni àwọn àgbẹ̀ ń bù rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa Yorùbá tí a ń gbé Sabon Gari, tí à ń ra ẹ̀fọ́ náà lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Síbẹ̀, a kò fara mọ́ ọn rárá kí ẹnikẹ́ni máa po ásíìdì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò irin àlòkù. Òjé àti chromium lè wà nínú rẹ̀, bí a kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó lò ó, májèlé ni a kàn ń gbé láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Ohun tí òjé lè ṣe, Zamfara ti rí i ní ọdún 2010, nígbà tí òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400.

Nítorí náà, kí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó òfin àyíká, tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀, mú gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ń fi ásíìdì fọ irin láti kọ iye tí wọ́n lò sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó gbé e lọ. Kí SON, àjọ tí ń mójú tó òṣùwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún kẹ́míkà tí a bá fi ṣe, kí wọ́n sì máa yẹ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó dé ọjà. Omi ìdọ̀tí nìkan ni kí wọ́n lò ó fún. Kò gbọdọ̀ dé inú omi mímu. Ní ti ẹrẹ̀ tí yóò rọ̀ sísàlẹ̀, níbi tí chromium yóò kóra jọ sí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á fún àgbẹ̀ bí ajílẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ awọ tí ó ni ín sanwó láti kó o lọ sí kòtò tí wọ́n tẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, tí kò ní jò sínú omi abẹ́ ilẹ̀.