Pé ewé àbàtà tutù yọ̀yọ̀ kò sọ pé omi rẹ̀ mọ́

Ẹ da omi ìdọ̀tí sí àbàtà, àbàtà á bá yín sẹ́ ẹ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbà á nìyẹn. Bí wọ́n bá sì rí i tí ewéko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí ara rẹ̀ ṣe le. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí òun gan-an ni wọ́n fi ń pa àbàtà.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Náítírójìn tó wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ń rí ọ̀nà jáde: nínú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn ò dé, àwọn bakitéríà kan ń sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, á sì gbéra lọ. Ṣùgbọ́n fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èròjà míì tó wà nínú ẹ̀gbin tí ewéko ń jẹ, kì í bá afẹ́fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́, pàápàá ara irin tó wà nínú ẹrẹ̀, tàbí kí ewéko fà á mu. Ẹrẹ̀ á gbà á títí tí kò fi ní í lè gbà mọ́. Ewéko ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni ò bá gé e kó kúrò, á kú, á jẹrà sínú omi, ohun tó fà mu á sì padà síbi tó ti wá. Bí ọ́síjìn bá tún wá tán nísàlẹ̀ omi, irin á jọ̀wọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ti dì mú láti ọdún pípẹ́. Ohun tí à ń pè ní asẹ́ ti di orísun ìdọ̀tí nìyẹn, kódà bí wọn ò bá da omi ẹ̀gbin síbẹ̀ mọ́.

Ní Kánádà lọ́dún 1973, David Schindler, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa adágún, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta ìkélé sáàárín adágún kan tí wọ́n ń pè ní Lake 226. Wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí apá méjèèjì, àmọ́ apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún. Apá yẹn ni ewédò, ìyẹn àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi, bò: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló fà á.

Ní ti ewé tútù tí wọ́n fi ń ṣẹ̀rí, òótọ́ ni pé ojú oró ní í lékè omi. Ṣùgbọ́n bí òun tàbí ewédò bá bo gbogbo ojú omi, oòrùn ò ní í dé ìsàlẹ̀, ewéko abẹ́ omi á kú, bakitéríà tó ń jẹ òkú wọn á sì máa fa ọ́síjìn. Ẹni tó bá wo irú omi bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ò ní í mọ nǹkan kan, torí ewédò ń pèsè ọ́síjìn nígbà tí oòrùn bá wà. Lóru, òun náà ń mí, ó ń bá ẹja du ìwọ̀nba tó wà. Ìdájí ló yẹ kéèyàn lọ, nígbà tí ẹja ń lanu lójú omi.

Ní Kampala, olú ìlú Uganda, omi ẹ̀gbin ìlú ń gba àbàtà Nakivubo kọjá lọ sí etí adágún Victoria, ibi kan náà tí ìlú ti ń fa omi mímu. Bí omi bá gba ojú kòtò sáré kọjá, tí kò rọra rìn láàárín koríko, kí ni àbàtà fẹ́ sẹ́? Ibi tí iṣẹ́ wà ni pé ká yọ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kúrò kí omi tó dé àbàtà rárá, ká jẹ́ kí èyí tó bá dé ibẹ̀ tàn káàkiri, ká sì máa gé ewéko kó jáde kó tó jẹrà.