Kásùlù Wo Lẹ Lọ Lóṣù Yìí?

Láyé ọjọ́sí, bí ọmọ Yorùbá méjì bá pàdé níbi ìkómọjáde ní Manchester, ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn kò ju mẹ́ta lọ: ṣé ìwé ti jáde, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, èló ni wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn báyìí. Ìbéèrè wọ̀nyẹn ti di ti àwọn tí ojú wọn kò là. Èyí tí ó wà lóde báyìí ni, "Kásùlù wo lẹ lọ lóṣù yìí?" Ẹni tí kò bá sì rí ìlú àtijọ́ kan dárúkọ, ìlú tí odò ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ilé olódi tí wọ́n ń pè ní kásùlù sì dúró lórí àpáta rẹ̀, kí ó yáa gbájú mọ́ ìrẹsì iwájú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún bá a sọ̀rọ̀ títí tí wọn yóò fi pín ẹ̀bùn.

Àìsàn yìí kò yọ ilé tèmi sílẹ̀. Ìyàwó mi, tí ó ti lo ọdún mẹ́rìnlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láì béèrè ẹni tí ó kọ́ ohunkóhun níbẹ̀, jí lọ́jọ́ kan, ó ní ẹgbẹ́ àwọn ti háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Conwy, ní àríwá Wales, àti pé aṣọ ẹbí aláwọ̀ osùn ni a ó wọ̀. Mo bi í pé kí ni a fẹ́ lọ wò níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ ṣáà jẹ́ ká lọ. Fọ́tò ibẹ̀ máa ń jáde gan-an." Bí mo ṣe tẹ̀ lé wọn nìyẹn, èmi, ìyá ìyàwó mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn, àti kúlà ìrẹsì mẹ́rin.

Kí n má purọ́, ìlú náà lẹ́wà. Odò Conwy tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi wẹ́wẹ́ ń mì lórí rẹ̀, afárá tí Thomas Telford fi ẹ̀wọ̀n irin so rọ̀ ní 1826 sì lọ kan ẹsẹ̀ ilé olódi náà bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Odi ìlú náà gùn ju kìlómítà kan lọ, ó ní ilé ìṣọ́ mọ́kànlélógún, ó sì ṣì yí ìlú ká. Edward Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́ gbogbo rẹ̀ láàárín 1283 sí 1287, tí ó sì ná nǹkan bí 15,000 pọ́n-ùn ìgbà náà lé e lórí, nígbà tí ó ṣẹ́gun àwọn ará Wales tán. Ó kó àwọn mọ́ńkì tí ó bá níbẹ̀ lọ sí ibòmíràn, ó kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá sínú odi, ó sì ti onílẹ̀ síta. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ wa nínú bọ́ọ̀sì pé ilé tí wọ́n kọ́ láti fi da ẹ̀rù jẹ̀jẹ̀ bo onílẹ̀ ni àwa fẹ́ lọ fi aṣọ ẹbí wò, ṣùgbọ́n alága ní kí n jọ̀ọ́ jókòó, wọ́n fẹ́ gba àdúrà ìrìn àjò.

Nígbà tí a wọ inú kásùlù náà, Màmá dúró láàárín gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n wo òkè, wọ́n rí òfuurufú.

"Bàbá Káyọ̀dé, ta ló ni ilé yìí?"

Mo ní ìjọba ni, mà.

"Ṣé owó ló tán lọ́wọ́ wọn ni, tí wọn ò fi kan òrùlé?"

Mo ṣàlàyé pé ó ní òrùlé tẹ́lẹ̀, pé ní nǹkan bí ọdún 1665 ni wọ́n tú òjé, irin àti pákó ara rẹ̀ kó lọ. Màmá mí kanlẹ̀. Ilé tiwọn ní Ìbàdàn ti dúró sí líńtẹ́ẹ̀lì láti ọdún mọ́kànlá, ewúrẹ́ nìkan ni ó sì ń gbé inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bi mí ní iye tí a san lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ di náírà, wọn kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ wọ̀nyẹn máa tó gba ìwé ìlékúrò.

Àwọn tó kù ti gun ilé ìṣọ́ lọ. Mẹ́jọ ni ilé ìṣọ́ kásùlù náà, àtẹ̀gùn inú wọn sì lọ́ bí ìkarahun ìgbín, kò sì sí ẹni tí ó ro ti gèlè mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Láti orí rẹ̀ ni mo ti ń gbìyànjú láti sọ ìtàn. Mo ní láàárín 1294 sí 1295, nígbà tí Madog ap Llywelyn, ará Wales kan, ṣọ̀tẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, inú ibí yìí ni wọ́n sé ọba Edward fúnra rẹ̀ mọ́, oúnjẹ sì ń tán lọ. Ẹnì kan ní, "Ẹ̀yin, wọn ò gbé kúlà dání?" Mo ní ní Ọjọ́ Ẹtì Rere 1401, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ kásùlù náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Rhys àti Gwilym ap Tudur, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Wales, gbà á nítorí pé àwọn ènìyàn wọn ṣe bí káfíńtà wọlé. Èyí nìkan ni ó wọ̀ wọ́n létí. Gbogbo wọn ni wọ́n ti san àsansílẹ̀ fún káfíńtà rí.

Ní etí odò, a tún tò sórí ìlà láti wo ilé tí wọ́n ní ó kéré jù lọ ní gbogbo Bìrìtéènì. Pupa ni, gíga rẹ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà 3, ìbú rẹ̀ kò tó mítà 2. Apẹja gíga kan ni ó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn, kò lè nàró nínú rẹ̀, ìgbà tí ó sì di 1900 ni ìgbìmọ̀ ìlú ní ilé náà kò yẹ ọmọ ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ń sanwó wọ̀ ọ́ lójú mi yìí ni wọ́n ń fi yàrá kan tí wọ́n gbé ní Muṣin jẹ́rìí ìyà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọọdún. Ká ní Manchester ni ilé náà wà, onílé ì bá ti dá a sí méjì, kí ó sì gba owó oṣù mẹ́fà ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn odi ni ọ̀rọ̀ wà. Ní apá gúúsù, nítòsí ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Mill Gate, òkúta méjìlá yọrí síta lórí odi, ọgbọọgba, ihò ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò bí eyín ọmọdé. Inú ìyàwó mi dùn dé àlà. Ó ní iṣẹ́ ọnà ọba nìyí. Ó dúró sábẹ̀ rẹ̀, ó tún gèlè ṣe, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ní kí n yà á kí ọwọ́ òkè náà hàn dáadáa. Mo ya mẹ́tàdínlógójì.

Ìgbà tí a padà sínú bọ́ọ̀sì ni mo tó ka ohun tí wọ́n kọ nípa ibẹ̀. Ṣáláńgá ni. Ṣáláńgá méjìlá, tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọba, kí wọ́n lè jókòó sórí odi, kí ohun tí wọ́n jẹ lánàá sì máa já bọ́ sẹ́yìn ìlú. Mo wo ìyàwó mi. Ó ti fi fọ́tò náà síta, àwọn ènìyàn sì ti ń kọ ọ́ sábẹ̀ pé ipò náà yẹ ẹ́, pé òkè òkè ni yóò máa lọ. Mo pa foonu mi.

Lóṣù tó kọjá ni ó pé ẹni àádọ́ta ọdún. Fọ́tò náà ni ó mú fún àwọn abọ́ tí a pín fún àlejò, igba abọ́, aláwọ̀ osùn. Atẹ̀wé náà mọṣẹ́ rẹ̀: ihò méjèèjìlá hàn kedere, ọ̀kan sì bọ́ sí ọ̀gangan orí ìyàwó mi bí adé. Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n kọ́kọ́ bù sínú rẹ̀.