chmod 777 kọ́ ni oògùn repo tí kò hàn lórí browser

Ẹ gbé gitweb, ètò tó ń fi repo Git (fódà tí Git ń tọ́jú kóòdù àti ìtàn àyípadà rẹ̀ sí) hàn lórí browser, sórí server, ẹ ṣí browser, ohun tí ẹ rí kò ju "404 - No projects found" lọ. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sún mọ́ yín, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé kí ẹ ṣe chmod -R 777 fún fódà repo náà, ìyẹn ni kí ẹ fún gbogbo aṣàmúlò ẹ̀rọ náà láyè láti kà á, láti kọ nǹkan sínú rẹ̀ àti láti mú un ṣiṣẹ́, kí ẹ sì tún ojú ewé náà ṣí. Ìgbàgbọ́ yìí ti gbilẹ̀ débi pé àwọn mìíràn ti ń ṣe é láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé viewer (irú ètò bíi gitweb) kalẹ̀, kí àṣìṣe kankan tó yọjú. Mo fẹ́ sọ ọ́ gbangba pé oògùn yìí kì í wo àìsàn tí wọ́n ń lò ó fún. Níbi tó pọ̀ jù, kò ní yí ohunkóhun padà. Níbi tó bá ti dà bíi pé ó ṣiṣẹ́, ìṣòro náà máa ń padà wá, ewu tó mú wọlé kì í sì í bá a lọ.

Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ náà ṣàdédé hù. Láyé CVS, ètò ìtọ́jú kóòdù tó ṣáájú Git, ẹni tó bá fẹ́ ka repo lásán gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan sínú fódà rẹ̀, torí CVS máa ń dá fáìlì lock síbẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà yí nǹkan padà nígbà tí ìwọ ń kà á. Ó di ìgbà tí olùtọ́jú bá fi LockDir sínú CVSROOT/config kí àwọn lock náà tó lè lọ síbòmíràn. Subversion, tó tẹ̀lé CVS, náà bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Nígbà tí 1.0 jáde ní 2004, Berkeley DB, irú database kan, ló fi ń tọ́jú repo, Berkeley DB a sì máa kọ nǹkan sínú àwọn fáìlì tirẹ̀ kódà bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń kà ni. Apache (web server) tí kò bá láyè láti kọ nǹkan kò ní lè fi irú repo bẹ́ẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹni tó sọ nígbà yẹn pé kí web server láyè ìkọ̀wé kò parọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 777 ti pọ̀ jù fún un láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n FSFS, ọ̀nà ìtọ́jú repo mìíràn tí kíkà rẹ̀ kò nílò àyè ìkọ̀wé, dé pẹ̀lú Subversion 1.1 lọ́dún 2004 kan náà, òun ni Subversion sì ń lò fún repo tuntun láti 1.2 ní 2005, àyàfi tí ẹ bá ní kó lo òmíràn. Nígbà tó fi di 1.8 ní 2013, wọ́n ti kéde pé kí àwọn ènìyàn fi Berkeley DB sílẹ̀. Ìdí tó bí ìmọ̀ràn náà ti kú. Ìmọ̀ràn ọ̀hún ni kò tíì kú.

Ti Git yàtọ̀ pátápátá. Gitweb kò nílò láti kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sínú repo yín. Ohun tí cgit, viewer mìíràn fún Git, lè kọ ni cache tirẹ̀ (ẹ̀dà ojú ewé tó ń fi pamọ́), inú /var/cache/cgit ló sì máa ń kó o sí tí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn, kò ní í ṣe pẹ̀lú fódà repo. Kíkà ni iṣẹ́ viewer. Kí ó sì tó lè kà, ohun méjì ló nílò: àyè láti ka àwọn fáìlì náà, àti àyè láti gba inú gbogbo fódà tó wà lójú ọ̀nà kọjá, láti / títí dé repo fúnra rẹ̀. Ìkejì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì máa ń fa ọ̀pọ̀ ìyọnu.

Ẹ wo repo tó wà nínú /home. Láti Ubuntu 21.04, fódà ilé aṣàmúlò tuntun máa ń jẹ́ 750 (ẹni tí kò sí nínú group rẹ̀ kò lè wọlé), nígbà tó jẹ́ 755 tẹ́lẹ̀. Web server tó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi www-data kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ẹ lè ṣe 777 fún repo náà láti àárọ̀ di alẹ́, kò sí ohun tó máa yí padà: ilẹ̀kùn yàrá lẹ ṣí, géètì ìta ṣì wà ní títì. Gitweb kò sì ní sọ fún yín pé géètì ló dá òun dúró, torí fódà tí kò bá lè wọ̀ ńṣe ló máa fò ó, á sì kọ ọ́ pé òun kò rí project kankan. Àṣẹ kan wà tó ń fi gbogbo ọ̀nà náà hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

namei -l /srv/git/iwe.git

Ìlà kọ̀ọ̀kan fi ẹni tó ni fódà kan àti àyè tó wà lórí rẹ̀ hàn. Ìlà tí kò bá ti sí x (àyè láti kọjá) fún aṣàmúlò web server, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ojú web server fúnra rẹ̀ wò ó:

sudo -H -u www-data git --git-dir=/srv/git/iwe.git log -1

Tí èyí bá mú commit (àyípadà tí a fi pamọ́) tó kẹ́yìn jáde, ọ̀rọ̀ àyè ti tán nìyẹn, ẹ má tún fọwọ́ kan chmod mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí --git-dir tó wà nínú rẹ̀. Láti Git 2.35.2, tó jáde ní oṣù kẹrin 2022 láti dí ihò CVE-2022-24765, git máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń pè é ló ni repo tó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Tí kì í bá ṣe òun, á kọ̀ ọ́, á sì kọ "detected dubious ownership". Ẹni tó bá fi cd wọ inú repo náà gẹ́gẹ́ bíi www-data lè rí ìkìlọ̀ yìí, kó sì rò pé òun ti mú olè. Gitweb ní tirẹ̀ máa ń fi --git-dir tọ́ka sí repo ní tààrà, àyẹ̀wò náà kì í sì í dí i lọ́wọ́. Viewer tó bá ń wọ inú fódà kó tó pe git ni yóò bá a pàdé, kódà 777 kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, torí ẹni tó ni fódà ni git ń wò, kì í ṣe àyè tó wà lórí rẹ̀. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ̀nà repo náà sínú config tí git ti ẹ̀rọ náà lápapọ̀ ń kà:

git config --system --add safe.directory /srv/git/iwe.git

Ẹ má kọ ọ́ sínú config repo fúnra rẹ̀, git kò ní kà á níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: repo tí a kò fọkàn tán kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí ara rẹ̀.

Tí àṣẹ tí a fi www-data ṣe bá yọrí, tí browser sì ṣì ṣófo, ibi tí gitweb ń wò ni kí ẹ yẹ̀ wò. $projectroot ló ń sọ ibi tó máa wá repo. Debian fi /var/lib/git síbẹ̀, gitweb tí ẹ bá fúnra yín kọ́ láti orísun máa ń wo /pub/git, àwọn repo yín sì lè wà ní /srv/git ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ lè ti ṣàtúnṣe /etc/gitweb.conf kó má sì gbọ́, torí tí fáìlì gitweb_config.perl bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gitweb, èyí ló máa kà, kò ní ṣí ti /etc rárá. Ẹ tún wo $export_ok: bí ẹnìkan bá ti fi git-daemon-export-ok síbẹ̀, repo tí kò bá ní fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn nínú kò ní hàn. Kò sí èyí tí chmod lè yanjú nínú gbogbo wọn.

Ọ̀kan tún wà tó wọ́pọ̀ láti nǹkan bíi 2020. Orúkọ repo hàn, ẹ tẹ̀ ẹ́, inú rẹ̀ ṣófo. HEAD tó wà lórí server, tó ń sọ branch (ẹ̀ka kóòdù) tí a ó kọ́kọ́ fi hàn, ń tọ́ka sí master, main sì ni ẹni tó ń push (ẹni tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí server) ń lò. Branch tí HEAD ń tọ́ka sí kò sí, gitweb kò sì rí ohun tó máa fi hàn. Ìlà kan ló ń tún un ṣe:

git --git-dir=/srv/git/iwe.git symbolic-ref HEAD refs/heads/main

Tí ó bá jẹ́ kóòdù Perl ni browser ń fi hàn yín, a jẹ́ pé Apache kò mọ̀ pé ṣe ló yẹ kí òun mú fáìlì náà ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí module cgi, tó ń jẹ́ kí web server mú irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi ExecCGI sí fódà náà. Nginx, web server mìíràn, kì í fúnra rẹ̀ ṣe CGI rárá, fcgiwrap ló ń bá a ṣe é, aṣàmúlò fcgiwrap ni kí ẹ sì fi ṣe àyẹ̀wò níbẹ̀. Nínú cgitrc, fáìlì ètò cgit, scan-path (ibi tí cgit ń wá repo) gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àwọn ètò tó kan àwọn repo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn kò ní ràn án. Lórí ẹ̀rọ tó ní SELinux (ètò ààbò Linux tó ní òfin tirẹ̀ yàtọ̀ sí chmod), ausearch -m avc -ts recent ló máa sọ òótọ́ fún yín, torí SELinux lè kọ ohun tí 777 ti gbà. Ẹ má sì fi repo sínú /tmp láti dán an wò: tí systemd bá fi PrivateTmp sí iṣẹ́ Apache, /tmp tí Apache ń rí kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ń rí.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tí 777 máa ń bà jẹ́, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í so mọ́ ọn. Àwọn ènìyàn sábà máa ń ṣe é fún /home/git lápapọ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó lè push mọ́: sshd, tó ń gba àwọn tó ń fi SSH wọlé, máa ń yẹ fódà ilé, .ssh àti authorized_keys wò, tí ẹlòmíràn bá sì lè kọ nǹkan sínú èyíkéyìí nínú wọn, kò ní gba kọ́kọ́rọ́ náà. Apache tó ń lo suexec (tó ń mú CGI ṣiṣẹ́ lórúkọ aṣàmúlò mìíràn) kò ní mú gitweb.cgi ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn bá lè yí i padà. 500 ni yóò dá yín lóhùn, oògùn tí ẹ lò ló sì fà á. Repo tó bá ní working tree (àwọn fáìlì gan-an tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí) ńkọ́? Git máa rí gbogbo fáìlì inú rẹ̀ bí èyí tó ti yí padà láti 100644 sí 100755. Ohun tó burú jù ni fódà hooks, níbi tí àwọn script tí git ń fúnra rẹ̀ mú ṣiṣẹ́ wà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọwọ́ mú lórí ẹ̀rọ náà, ì báà jẹ́ nípasẹ̀ ojú ewé mìíràn tó ní ihò lórí web server kan náà, lè kọ post-receive síbẹ̀, ẹni tó bá push lẹ́yìn náà ni yóò mú un ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára tirẹ̀.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò tún pẹ́. Push tó ń bọ̀ máa dá fáìlì tuntun gẹ́gẹ́ bí umask ẹni tó push (ètò tó ń yọ àyè kúrò lára fáìlì tuntun) ṣe sọ. Tí ó bá jẹ́ 077, viewer kò ní lè kà wọ́n, ẹ ó sì tún máa wá ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tó ń dúró ni kí git fúnra rẹ̀ mọ irú àyè tó yẹ kí ó fún fáìlì tuntun. Tí ó bá jẹ́ aṣàmúlò kan ṣoṣo ni gbogbo push ń gbà wọlé, bíi git, ẹ fi group repo náà fún www-data:

chgrp -R www-data /srv/git/iwe.git
find /srv/git/iwe.git -type d -exec chmod 2750 {} +
find /srv/git/iwe.git -type f -exec chmod 640 {} +
git --git-dir=/srv/git/iwe.git config core.sharedRepository 0640

Nọ́ńbà 2 tó ṣáájú 750 ló ń mú kí fáìlì tuntun jogún group náà, core.sharedRepository sì ni kò ní jẹ́ kí umask ẹnikẹ́ni da ètò yìí rú. Ìlà kẹta máa gba x lọ́wọ́ àwọn hook, nítorí náà ẹ dá 750 padà fún àwọn tí ẹ ń lò. Tí ó bá jẹ́ pé olúkúlùkù ń fi account tirẹ̀ push, ẹ jẹ́ kí group jẹ́ ti àwọn tó ń push, kí ẹ sì fi setfacl fún www-data ní àyè ìkàwé nìkan.

Bí repo yín bá sì ti lo ìgbà díẹ̀ lábẹ́ 777, ẹ má kàn yí àyè rẹ̀ padà kí ẹ sì gbàgbé. Ẹ ṣí fódà hooks, ẹ ka fáìlì kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ̀ kò parí sí .sample. Ẹ ṣí config, ẹ wá core.fsmonitor, core.pager àti core.hooksPath, kí ẹ rí i pé ẹ̀yin lẹ kọ wọ́n tí wọ́n bá wà níbẹ̀, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú kí git ṣiṣẹ́ àṣẹ tí ẹlòmíràn kọ.